Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní wọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òtútù àyà ni a tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ mi, ọmọ oṣù 9, lọ sí ọsíbítù kan ní ìhà Muṣin. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ kí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ìyá ọkọ mi ní ògì tí mo ń fún un ló fà á, àwọn kan ní eyín ló ń hù. Ṣé kì í ṣe wọ́ọ̀dù ló ti kó o? — Ìyá kan, Ṣómólú.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ó ṣeé ṣe dáadáa pé wọ́ọ̀dù ló ti kó o. Rotavirus, kòkòrò àrùn tó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, máa ń lò tó ọjọ́ 2 lára ọmọ kí ó tó fara hàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi sábà máa ń ka ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48 tí ọmọ ti wọ ọsíbítù mọ́ àrùn tí ó kó níbẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fún un nítorí òtútù àyà náà lè da ikùn rú, nítorí náà ẹ bi dókítà yín. Eyín híhù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní ti ògì, kí n tó dá a lẹ́bi, n óò kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ ti fọ kọ́ọ̀bù àti ṣíbí rẹ̀.

Mo ti jókòó ti ọmọ ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ rẹ̀ tán nígbà tí ṣíbí ọmọ tèmi já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì nà án sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Inú rere ni ó fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn ń gbà kọjá, nítorí pé ìwọ̀nba kòkòrò díẹ̀ ti tó láti mú ọmọ. Ọwọ́ dókítà àti ti nọ́ọ̀sì náà kò yọ sílẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.” Bí ìgbẹ́ bá ti kan ọwọ́, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò, sánítáísà nìkan kò tó.

Ẹ má ṣe dá ọmú dúró. Ẹ po àpò ORS kan, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí ń dá omi ara padà, sínú omi mímọ́ lítà 1, kí ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè oògùn síǹkì lọ́wọ́ dókítà: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 ni ti ọmọ tó ti lé ní oṣù 6. Ẹ má ra oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró fún un. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò tọ̀, tàbí tí kò lè mumi mọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ tún wo káàdì àjẹsára rẹ̀. Láti ọdún 2022 ni àjẹsára rotavirus, tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti wọ inú àjẹsára ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Kì í dènà gbogbo ìgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ó máa ń dín agbára èyí tó le kù.

Bí wọ́n bá sì dá yín sílẹ̀, kòkòrò náà ṣì lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, nítorí náà kí ẹni tó bá pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀ nílé fi ọṣẹ fọwọ́ kí ó tó kan oúnjẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.