Ejò ṣán aboyún: ṣé Fátíhà nìkan tó?

Ìbéèrè: Àsàlámù aleekun, Àlùfáà. Iléṣà ni mo wà. Paramọ́lẹ̀ ṣán ìyàwó àbúrò mi lẹ́sẹ̀ nínú oko kòkó, oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Àlùfáà àdúgbò ka Fátíhà sí i, ó so tírà mọ́ ọn ní ìbàdí, ó ní abẹ́rẹ́ oró ejò yóò ba àdúà jẹ́, yóò sì pa ọmọ inú, pé ẹ̀jẹ̀ ẹṣin sì ni. Ilẹ̀ mọ́ ká tó gbé e lọ. Ọlọ́hun yọ ọ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ò tán ní mọ́sálásí. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Wa aleekun sàlámù. Kí Ọlọ́hun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Hádíìsì Abu Sa'id al-Khudri nínú Bukhari ni àlùfáà yín gbára lé. Àwa náà ń kà á fún àwọn ọmọ kéwú. Ohun olóró ta olórí ìlú kan, sàábé kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ka Fátíhà sí i, ọkùnrin náà dìde bí ẹran tí wọ́n tú lókùn, wọ́n sì fún wọn ní àgùntàn. Àgùntàn yẹn ni àwọn àlùfáà wa kì í gbàgbé! Èyí tí wọ́n máa ń fò ni pé àwọn ará ìlú náà ti wá gbogbo ọ̀nà fún olórí wọn kí wọ́n tó tọ àwọn sàábé wá. Ibo ni wọ́n ti wá rí i pé ẹni tó gba àdúà kò gbọdọ̀ gba oògùn? Ànábì fúnra rẹ̀ ló ní ká máa wá ìwòsàn.

Ti tírà, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ànábì ní ẹni tó bá so ońdè ti ṣẹbọ. Ẹ já a dànù.

Òótọ́ ni pé inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti sábà ń yọ oògùn oró ejò. Ìmáàmù wa, Maliki, kò fẹ́ ká jẹ ẹran ẹṣin, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹ́ níbí? Áyà 173 nínú Súrà Bakara tó ka ẹ̀jẹ̀ léèwọ̀, òun náà ló yọ ẹni tí ìnira ká mọ́ sílẹ̀.

Oyún kò sì ní kí wọ́n má gún un. Oró tó wà lára ìyá ló ń pa ọmọ: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdá, kí ibi ọmọ sì já kúrò kó tó àsìkò.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ẹsẹ̀ kó tó wú. Ẹ má fokùn dè é, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí ẹnìkan máa ka Fátíhà sí i títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn Wesley.