Tọ́ọ̀ṣì tó máa ràn di ìdájí: bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ 90000 lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) sí, kẹ́ ẹ fi máa ṣọ́ adágún ẹja yín mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Irú rẹ̀ ló ba tèmi jẹ́.

Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ òru, adágún mi kún dé ẹnu. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yẹn, ó mọ́lẹ̀ yòò. N kò tíì yí adágún kejì po tó fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mò ń gbọ́ ariwo omi, n kò mọ ibi tó ti ń jáde. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mò ń fi ọwọ́ wá ibi tí bèbè ti ya, àwọn ẹja àrọ̀ tí mo fi oṣù márùn-ún bọ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ sínú igbó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé ń fi garawa ṣa wọ́n lójú ọ̀nà.

Mo gbé e padà fẹ́ni tó tà á. Ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣáájì. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀njíníà! 9900 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) ni wọ́n kọ sára bátìrì inú rẹ̀, irú roboto tó ṣeé ṣáájì tí wọ́n ń pè ní 18650, bẹ́ẹ̀ ojúlówó tó wọ́pọ̀ kì í ju 2500 sí 3500 lọ. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn oògùn ẹja: gíráàmù 29. Ojúlówó máa ń tó bíi 45.

300 lumen tó ẹ rìn yí adágún ká. Bátìrì 3500 mAh kan á gbé e fún bíi wákàtí 4, ẹ wá mú méjì mìíràn dání. 1000 lumen, ẹ kàn fi wo ọ̀nà jíjìn ni. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré á gbóná, á dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Kó jẹ́ IPX7, àmì pé omi ò ní wọ̀ ọ́ bó bá já sómi fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ má kó bátìrì pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò o! Irin tó bá kan orí àti ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú un gbiná. Ẹ má sì ra tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ò ṣeé yọ.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ tàn án sílé láago méje alẹ́, kẹ́ ẹ kọ aago tó kú sílẹ̀, kó tó débi ẹja.