Ẹní egbére ni wọ́n fi mọ̀ pé èmi ni mo yà á

Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ dẹ́kun gbígbé àwòrán àwọn iwin àti ẹbọra tí ẹ ń yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹ rí ọ̀kan nínú wọn lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ sì tún béèrè bóyá kíkọ orúkọ yín gàdàgbà sí àárín àwòrán yóò dí olè lọ́wọ́. Mo fẹ́ dáhùn, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, owó àti oorun sì bá a lọ. Ẹ má ṣe dẹ́kun. Ní ti orúkọ gàdàgbà, mo ti dán an wò fún odidi ọdún kan, n kò sì ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Àwòrán abàmì kì í ṣe ohun tí a ń wò fìrí kí a sì kọjá. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn àwòrán tí Bruce Onobrakpeya yà sínú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 yóò mọ ohun tí mo ń wí: ojú a máa pẹ́ lórí wọn kí ó tó lè ya igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dá tí ó wà nínú rẹ̀. Twins Seven-Seven náà, tí ó di gbajúmọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo ní àwọn ọdún 1960, kì í fẹ́ fi àyè sílẹ̀ lófo. Ara iwin kan ṣoṣo lè kún fún ìlà, ojú àti ẹ̀dá mìíràn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi máa rí ohun tuntun ní ìgbà kẹwàá tí ẹ bá wò ó. Bí a bá wá fi lẹ́tà ńlá la irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá, ohun tí olùwò wá wò gan-an ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Olè ní tirẹ̀ kò bìkítà, nítorí ohun èlò tí ń pa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rẹ́ ti wà nínú fóònù ọmọ iléèwé. Ní ọdún tí mo fi kọ orúkọ mi sójú gbogbo iṣẹ́ mi, àwọn tí ń wá bá mi pé kí n ya èèpo ìwé fún àwọn ni ó dínkù.

Ohun tí wọ́n jí ní tèmi ni àwòrán egbére kan tí ó jókòó sí ìdí ìrókò lóru, tí ó di ẹní rẹ̀ mọ́ àyà, tí ó ń sunkún. Oṣù méjì ni mo fi yà á. Ẹní tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo tẹ́ síwájú mi tí mo ń wò, mo sì ṣe àṣìṣe kan tí n kò tètè rí: ní ìlà kẹta láti etí ẹní, níbi tí ó yẹ kí koríko kan gba orí ẹyọ kan kọjá, orí méjì ni ó gbà. Nígbà tí mo fi máa rí i, ó ti rẹ̀ mí, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kékeré, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, arábìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun rí egbére mi lára ẹ̀wù tí ẹnì kan wọ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ti gé igun tí orúkọ mi wà kúrò, wọ́n ti sọ òru di ìrọ̀lẹ́ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n sì ti yí àwòrán náà kí apá òsì lè di apá ọ̀tún. Mo béèrè ohun tí ó fi dá a mọ̀. Ó ní ẹní ni. Ó ti wo àwòrán náà lórí ìkànnì mi títí tí ó fi rí ìlà tí ó ṣì rìn yẹn, ó sì rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé egbére fúnra rẹ̀ ni ó hun ẹní náà nígbà tí omijé ń bò ó lójú. (N kò já a nírọ́.)

Ìkànnì tí ń ta ẹ̀wù náà wà ní Amẹ́ríkà. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1998 tí gbogbo ènìyàn ń pè ní DMCA: bí oníṣẹ́ bá kọ̀wé pé wọ́n ń lo iṣẹ́ òun láìgbàṣẹ, ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á sórí ìkànnì ní láti tètè yọ ọ́ bí kò bá fẹ́ kí ẹ̀bi náà kan òun. Èébú ni mo kọ sínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lóhùn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí ẹ sọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ tiyín, kí ẹ fi àdírẹ́sì ojú-ewé gan-an tí ayédèrú wà hàn wọ́n, kì í ṣe orúkọ ìsọ̀ lásán, kí ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kàn sí yín síbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pé ó dá yín lójú pé kò sí ẹni tí ó fún wọn láṣẹ àti pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ wí, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Ẹ kò nílò agbẹjọ́rò. Lẹ́tà mi kejì kò tó ojú-ewé kan, wọ́n sì yọ ẹ̀wù náà ní ọjọ́ kẹta.

Mo ti ń dúpẹ́ kí ẹni tí ń tà á tó kọ̀wé padà pé òun ni òun yà á. Òfin kan náà ni ó fún un ní àyè yẹn: bí ó bá ti ta kò yín báyìí, ohun tí wọ́n yọ lè padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, àfi bí ẹ bá gbé e lọ sí kóòtù. Owó wo ni n ó fi pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà? Mo wá fáìlì tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà, èyí tí ìrókò, egbére àti ẹní wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sí olè tí ó lè ní irú rẹ̀. N kò rí i. Èmi fúnra mi ni mo pa á rẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà mi kún, mo sì fi èyí tí ó ti parí nìkan pamọ́, èyí tí gbogbo ayé lè gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀wù náà padà sórí àtẹ.

Fọ́tò kan ni ó gbà mí. Mo ti ya fọ́tò iṣẹ́ náà nígbà tí ó ṣì wà ní pẹ́ńsù lórí bébà, mo sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp kí ó lè bá mi rẹ́rìn-ín ẹsẹ̀ egbére. WhatsApp a máa yọ ọjọ́ àti àlàyé tí ó fara pamọ́ sínú fọ́tò kúrò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì jọ sọ. Mo to fọ́tò náà, ẹní ìyá àgbà, àti ẹ̀wù tí mo yí padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo fi àmì sí ìlà kẹta, mo sì gbé e síta. Arábìnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn àti àwọn tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ mi tipẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìsọ̀ ọkùnrin náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti rọra yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò san kọ́bọ̀, kò sì tọrọ àforíjì.

Láti ìgbà náà, orúkọ mi kì í sí ní igun mọ́. Inú èèpo igi tàbí ìṣẹ́po aṣọ ni mo ń kọ ọ́ sí, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ gé e yóò ti gé iwin náà lórí. Èyí tí mo ń gbé síta kì í ju píksẹ́lì 1200 (àwọn àmì kékeré tí ó para pọ̀ di àwòrán) lọ níbi tí ó gùn jù, nítorí ó tó ojú wò lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, yóò ṣe bàìbàì. Fáìlì iṣẹ́ wà ní ibi méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń fi àwòrán mi wá àwòrán lórí Google Lens àti TinEye, kí n lè mọ ibi tí ó ti tún yọjú.

Ní ilé níhìn-ín ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ti fún yín ní ẹ̀tọ́ náà láti ìgbà tí ẹ ti yà á. Kò di dandan kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ayàwòrán. Ó fún yín láyè pẹ̀lú láti kọ irú lẹ́tà yẹn sí àwọn ìkànnì.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ AI tí ń ya àwòrán fúnra wọn, kò sí lẹ́tà tí ó ran èyí dáadáa. Ní 2022, àwọn ènìyàn ń tẹ orúkọ Greg Rutkowski, ará Poland tí ń ya drágónì, fún ẹ̀rọ kí ó lè yà bíi tirẹ̀, láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń lo Glaze, ètò kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 2023 láti da ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rú. Ó máa ń gba wákàtí lórí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, àwọn tí wọ́n ṣe é pàápàá sì sọ pé kì í ṣe odi tí a kò lè wó. Mo ṣì ń lò ó fún iṣẹ́ tí mo bá fẹ́ràn jù.

Ẹ ti sọ pé àwòrán tiyín ṣì wà lórí bébà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, ẹ wá ibi tí ọwọ́ yín ti ṣì nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó kọ lẹ́tà sí ìkànnì yẹn.