Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ayẹyẹ Tó Bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìgbéyàwó ń gbé èmi àtàwọn ọmọ mi méjì bọ̀ ní Ifẹ̀. Àárọ̀ la máa dé, ọ̀sán ni ayẹyẹ. Ọmọ ọdún 14 àti 16 ni wọ́n, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Níbo ni kí n mú wọn lọ?
Ìyá Ṣọlá, Iléṣà

Ìdáhùn: Ìyá Ṣọlá, ẹ káàbọ̀ o. Ibi méjì ti tó, ẹ má dá wọn lágara.

Ẹ kọ́kọ́ yà sí mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀nuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ló ṣèèṣì kan àwọn orí idẹ tó sọ Ifẹ̀ dolókìkí. Kí wọ́n wo ère dáadáa: ilà tín-ín-rín lójú àwọn kan, ihò wínníwínní yí ẹnu àwọn mìíràn ká. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ihò yẹn wà fún. Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi Ọ̀pá Ọ̀rányàn.

Òkúta yẹn ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin ló tò sí i lára. Fóònù máa wúlò níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò.

Yunifásítì? Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbà ńlá ni, ọjọ́ mìíràn ni tiẹ̀. Ẹ sì fún wọn lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó débi ìgbéyàwó. Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ inawo kì í tètè dé.