Mọ́tò Àlòkù fún Ilé Ọmọ Òrukàn: Kí Ẹ̀bùn Má Baà Di Ẹrù

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Èbúté-Mẹ́tta ni mò ń gbé. Mo ní Sienna ọdún 2001 kan tí mo rà ní tòkúnbọ̀ ní 2012. Òun ló gbé àwọn ọmọ mi lọ síléèwé títí gbogbo wọn fi kúrò nílé. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti wà á kẹ́yìn, mẹkáníìkì mi sì ní jíà rẹ̀ ti ń yọ. Àbúrò mi tó wà ní Houston sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn èèyàn máa ń fi mọ́tò tó ti gbó tọrẹ fún ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọdé, ìjọba á sì dín owó-orí wọn kù. Ilé ọmọ òrukàn kan wà tí kò jìnnà sí wa, ó wù mí kí n fún wọn. Ṣé kí n kàn kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé rẹ̀ fún wọn ni? Ṣé owó-orí tèmi náà máa dín kù?
Ìyá onísienna, Èbúté-Mẹ́tta

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run yóò máa bá yín tọ́jú àwọn ọmọ tiyín náà. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má tíì kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Amẹ́ríkà kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ó kàn ku ibì kan ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gba mọ́tò lọ́hùn-ún kì í wà á. Wọ́n á rán ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ wá, wọ́n á gbé e lọ sí gbàǹjo, owó tó bá pa ni wọ́n á fi ṣiṣẹ́ ọmọdé. Láti 2005 ni òfin wọn sì ti sọ pé tí ẹni tó tọrẹ bá fẹ́ kọ ju 500 dọ́là sílẹ̀ fún àwọn agbowó-orí, iye tí ẹgbẹ́ náà ta ọkọ̀ ọ̀hún gan-an ni kó kọ, kì í ṣe iye tí òun rò pé ó tó. Ìgbà tí kì í rí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, bí àpẹẹrẹ, tí ẹgbẹ́ náà bá fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé ní Houston pàápàá, owó ni mọ́tò sábà máa ń dà kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọdé.

Tẹ́ ẹ bá fa Sienna yín lé ilé ọmọ òrukàn lọ́wọ́ ní Èkó níbí, àwọn fúnra wọn ni yóò wá mẹkáníìkì, àwọn ni yóò wá ẹni tó máa rà á. Iṣẹ́ ọmọ títọ́ ni wọ́n sì mọ̀, wọn ò mọ iṣẹ́ ọkọ̀ títà.

Ní ti owó-orí tiyín, owó ìfẹ̀yìntì kì í san owó-orí ní Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń wọlé fún yín, kò sí owó-orí kankan tí ẹnì kan máa bá yín dín kù. Ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn.

Ilé kan wà ní Mainland tí mo máa ń bá wo ìwé wọn láìgba owó. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni kan fún wọn ní jíípù. Wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọ kọrin, wọ́n gbàdúrà fún un. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, jíípù ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà méjì, koríko ti hù gba abẹ́ rẹ̀ jáde, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ni wọ́n sá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mátírọ́ọ̀nù ṣí ìwé ìnáwó fún mi. Bátìrì wà níbẹ̀, rédíétọ̀ wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n ti ná lé ọkọ̀ tí kò rìn yẹn lórí ju owó ẹyin àti mílíìkì oṣù méjì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan sì ti wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan rí, ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó dàgbà tó lọ ká aṣọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn títí dòní.

Mo ní kí wọ́n ta jíípù náà. Wọn ò lè tà á, torí orúkọ ẹni tó fún wọn ló ṣì wà lórí ìwé, ó sì ti kó lọ sí Kánádà. Nígbà tí a fi rí i bá sọ̀rọ̀, tó sì fi ìwé tí a nílò ránṣẹ́, ẹni tó wá rà á láti Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ní ẹ́ńjìnì àti ilẹ̀kùn nìkan ló wúlò fún òun. Inú rere ni ọ̀gbẹ́ni yẹn fi ṣe é. Kò kàn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ lọ bá mátírọ́ọ̀nù ilé tó wà nítòsí yín, kẹ́ ẹ má gbé mọ́tò dání. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ fún wọn ní mọ́tò, torí ẹni tó wà nínú àìní kì í kọ ohun tí wọ́n bá fún un. Ẹ bi í pé báwo ni àwọn ọmọ ṣe ń dé iléèwé. Tí ara ọmọ kan bá gbóná ní aago méjì òru, kí ni wọ́n fi ń gbé e dé ọsibítù? Ṣé wọ́n ní dẹ́rẹ́bà? Ta ló ń ra epo? Sienna yín yìí, V6 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó máa ń mu epo, ẹ̀yin náà mọ̀. Epo tí kò tó 200 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2023 ti kọjá 480 kí oṣù yẹn tó parí. Ìńṣọ́ráǹsì tó pọn dandan, èyí tó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni, kúrò ní 5,000 ó di 15,000 náírà ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà. Tí mátírọ́ọ̀nù bá sọ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni àwọn ń wọ̀, pé owó iléèwé ló ń dààmú àwọn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n nílò lóòótọ́, tí wọ́n ní dẹ́rẹ́bà, tí wọ́n sì ní ẹni tó ń bá wọn gbé owó epo, ẹ tún jíà yẹn ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Ẹ má gbé e fún wọn pẹ̀lú àìsàn rẹ̀.

Tí agbára yín kò bá gbé àtúnṣe, ẹ tà á bó ṣe wà. Ohun tí mo rò pé ó dára jù fún yín nìyẹn, kí n má purọ́. Sienna kì í wọ́n ẹni tó máa rà á ní Èkó, torí àwọn tó ń kó èrò àti ẹrù fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì méjì tí wọn ò mọ ara wọn dá iye lé e. Tí ẹni tó ń tún un ṣe fún yín bá sọ pé kò níye lórí, tó tún ní òun máa rà á, ẹ fura. Ẹ wá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó máa rà á máa béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé náà ni kẹ́ ẹ san owó sí, kì í ṣe ti mátírọ́ọ̀nù tàbí ti pásítọ̀. Ẹ sì lè lọ san owó ilé ẹ̀kọ́ fún iléèwé tààrà, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Yálà owó ni o, yálà ọkọ̀ ni o, ẹ kọ́kọ́ wádìí ilé náà wò. Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007, ilé tó bá ń tọ́jú ọmọ òrukàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìgbáyégbádùn ní Alausa ni kẹ́ ẹ ti béèrè. Tí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ aláàánú ni àwọn, orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọmọ yín kan sì lè bá yín wá a lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ béèrè. Ilé tó ń ṣe dáadáa kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Tó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ náà ni wọ́n máa gbà, ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Ẹ má ṣe é bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ kàn gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn tán kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Ẹ bá ẹni tí wọ́n bá rán lọ sí ọ́fíìsì MVAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe “change of ownership”, ìyẹn ni kí wọ́n yí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ padà sí tiwọn, kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Tí dẹ́rẹ́bà wọn bá kọlu ẹnì kan ní Òjúẹlẹ́gbà lọ́la, orúkọ tí nọ́ńbà ọkọ̀ bá gbé jáde ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá. Ìńṣọ́ráǹsì tiyín kì í sì bá ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀, àwọn náà gbọ́dọ̀ gba tiwọn.

Ìwé ẹ̀bùn kò ju ojú ewé méjì lọ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti ṣáásí máa wà níbẹ̀, orúkọ yín, orúkọ ilé náà, ìbuwọ́lùwé méjì nínú àwọn alámòójútó wọn, òǹtẹ̀ wọn, ọjọ́, àti wákàtí tẹ́ ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má fi wákàtí yẹn sílẹ̀ o. Mo ti rí ẹjọ́ kan tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n gba ọkọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ló lọ gbá ọlọ́kadà. Wákàtí tó wà lórí ìwé ló gba ẹni tó tọrẹ sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀, ẹ wo abẹ́ gbogbo ìjókòó, ẹ ṣí àpótí ìwé iwájú. Nínú jíípù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ la ti rí pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn àti fọ́tò kan ṣoṣo tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ yà, tó ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti sin màmá náà.