Ṣé àtúntẹ̀ àwo At Folsom Prison dùn ún gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ?
Bí ó bá jẹ́ ti ohùn nìkan, àwo Johnny Cash, olórin country ará Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde Columbia gbé jáde ní 1968 gan-an ni èmi yóò mú, bí abẹ́rẹ́ kò bá tíì ha á lójú, nítorí pé láti apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀ orí síídì ti ń gbé gbogbo ohùn sókè, tí ìyàtọ̀ láàárín èyí tó rọlẹ̀ àti èyí tó le fi ń dínkù. Àtúntẹ̀ 1999 fi orin 3 kún un. Ti 2008 sì kó eré méjèèjì tí Cash ṣe lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Folsom, ní California, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1968 jọ.