Kámẹ́rà àkọ́kọ́ ní Òṣogbo: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ káàdì

Àbúrò mi tó ní òun ń gbé ní Òkè-Fìà, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ìkómọ àti ọjọ́ ìbí, ṣé Canon ni kó o rà àbí Nikon, ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀, lẹ́ǹsì wo ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀, àti pé owó ọwọ́ ẹ ò pọ̀. Àwọn tó ti dá ẹ lóhùn ṣáájú mi, orúkọ kámẹ́rà ni wọ́n ń tò kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ káàdì, ìyẹn mẹ́mọ́rì káàdì tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tójú mi rí níbẹ̀, mi ò fẹ́ kójú ọmọ ẹlòmíì rí i.

Nígbà tí mo ra kámẹ́rà mi àkọ́kọ́, ńṣe ni ẹni tó tà á fún mi di gbogbo ẹ̀ papọ̀, kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, báàgì, tripod kékeré, ó wá fi káàdì 64GB lé e, ó ní èènì ni. Mo gbé e lọ síbi ìkómọ kan lágbègbè Ìgbọ̀nà. Iṣẹ́ ń lọ ní mẹ́lọmẹ́lọ, mò ń tẹ bọ́tìnnì, fọ́tò ń hàn lójú kámẹ́rà, ó mọ́ ringindin. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀, wọ́n jẹ ataare, gbogbo ẹbí sọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n sì ń ju owó sínú abọ́ omi. Ìyá bàbá ọmọ, màmá àgbà tí wọ́n lọ gbé wá láti Ìlá, òun ló gbé ọmọ jó gbẹ̀yìn, gbogbo ilé dìde fún un. Mo yà á dáadáa. Ìgbà tí mo délé tí mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, àwọn fọ́tò àárọ̀ ṣí. Nígbà tó yá, wọn ò ṣí mọ́. Òmíì ṣí dé ìdajì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: gèlè màmá yẹn wà lókè, àwọ̀ wáìnì, iwájú orí ẹ̀ wà, ojú ẹ̀ méjèèjì wà, láti ibi imú lọ sísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀ kàn di àwọ̀ eérú. Ọmọ tó gbé lọ́wọ́, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá ọmọ ò bú mi o. Ó kàn bi mí pé ṣé èyí tí Màmá gbé ọmọ wà níbẹ̀. Mo dá owó wọn padà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba owó níbi tírú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti sọnù.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ń dùn mí jù. Mo gbé káàdì yẹn lọ bá ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní ẹnjiníà, tó ní òun máa ń wá fọ́tò tó bá sọnù padà. Ó gbowó. Ó ní kí n padà wá. Mo padà lọ, ó tún gba owó áàpù, ó ní káàdì náà le díẹ̀, ó wá fún mi ní àwọn fọ́tò àárọ̀ tí mo ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí nǹkan tóun lè rí. Fọ́tò téèyàn ṣèèṣì pa rẹ́ lórí káàdì gidi, ó ṣeé wá padà tí nǹkan míì ò bá tíì gorí ẹ̀. Èyí tí káàdì ò gbà sílé rárá, ibo ni wọ́n ti fẹ́ wá a? Ẹni tó tà á ní tiẹ̀ sọ pé káàdì kì í ṣe ọjà òun, pé ẹ̀bùn ni, pé kò sẹ́ni tó ń dá ẹ̀bùn padà. Àwọn méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń bá mi sọ. Tẹ́nikẹ́ni bá ní kó o mú irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá kóun wá fọ́tò inú ẹ̀, má fún un ní kọ́bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Káàdì ayédèrú lè má ní ju 8GB lọ nínú, àwọn tó ṣe é á wá yí ètò inú ẹ̀ padà kó lè máa sọ fún kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà pé 64 lòun. Kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú ni, tí ẹ bá ń wò ó lókè ó kún dẹ́nu. Tí 8 yẹn bá ti kún, ohun tó o bá yà lẹ́yìn ẹ̀ á sọnù tàbí kó máa gorí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà ò sì ní pariwo, torí fọ́tò tó máa ń hàn fìrí lójú ẹ̀ lẹ́yìn tó o bá tẹ bọ́tìnnì, inú kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe inú káàdì. Ìdí nìyẹn tínú fi ń bí mi sí àwọn tó ń sọ pé "ṣáà máa wo ojú kámẹ́rà ẹ, wàá rí i." O ò ní rí nǹkan kan. Tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wo fọ́tò padà, kó o lọ sẹ́yìn, kó o ṣí mélòó kan kó o sún wọn mọ́ra, kóbi òde tó o wà tó tú ká.

Kó o tó gbé káàdì kankan lọ sóde, dán an wò. Áàpù kan wà fún Windows tí wọ́n ń pè ní H2testw, ọ̀fẹ́ ni, tó bá jẹ́ Mac tàbí Linux lò ń lò, F3 ni kó o wá. Ńṣe ló máa kó nǹkan kún káàdì náà látòkè délẹ̀, á wá kà á padà wò bóyá ohun tó kó sí i náà ló bá níbẹ̀. Káàdì gbọ́dọ̀ ṣófo kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́, torí náà jẹ́ kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún, má gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA. Tó bá sọ pé àṣìṣe wà, gbé e padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ yẹn kan náà, torí náà, tó o bá ń rà á, gba rìsíìtì tí wọ́n kọ "káàdì" sí lọ́tọ̀. Méjì tó jẹ́ 32GB ni kó o rà, má ra ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbà ju 3,000 fọ́tò JPEG lọ lórí kámẹ́rà 24 megapixel, tí ọ̀kan bá sì yọnu, ìdajì òde ṣì wà lọ́wọ́ ẹ.

Ó yá, kámẹ́rà. Ọ̀gá kan tó kọ́ wa níṣẹ́ fọ́tò ní ìlú yìí dúró níwájú wa ó ní ẹni tí ò bá lo full-frame, ìyẹn kámẹ́rà olówó ńlá tí sensor ẹ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tóbi, eré ọmọdé ló ń ṣe. Àwọn kan lára àwa tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ yáwó nítorí ọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi. Canon 2000D ní 24 megapixel, fọ́tò ẹ̀ jẹ́ 6000 nípa 4000, ìyẹn ni pé o lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ínṣì 12 nípa 18 láìsí wàhálà, ta ló ń gbé èyí tó ju ìyẹn lọ kọ́ sí pálọ̀ nítorí ìkómọ? Owó tó o fẹ́ fi lé full-frame, fi ra lẹ́ǹsì. Èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá, 18-55, ó dáa níta gbangba. Ṣùgbọ́n tó o bá sún un dé 55, f/5.6 ni (bí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ f yẹn bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe máa ń pọ̀ tó), nínú pálọ̀ tí wọ́n ti fa kọ́tìnnì tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn, fọ́tò ẹ á máa fà, kò ní mọ́. 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po 10 ìyẹn wọlé. Ti Canon, tí wọ́n kọ STM sí lára, òun ni kó o wá. Wàá máa fẹ̀yìn ti ògiri o, torí lórí àwọn kámẹ́rà tí sensor wọn kéré yìí ńṣe ló máa dà bíi 80mm, á fa nǹkan sún mọ́ ẹ, nítorí náà má ta 18-55 yẹn, òun lo máa fi ya gbogbo ẹbí lápapọ̀.

Tó bá jẹ́ Nikon D3300, D3400 tàbí D3500 lo rí, kò sí mọ́tò nínú wọn tó ń yí lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ AF-S tàbí AF-P sí ni kó o rà. Wọ́n á gbé AF-D, tí kò ní mọ́tò tiẹ̀, fún ẹ pé ó pọ́ọ́kú. Ọwọ́ lo máa fi máa yí i títí ọmọ á fi sùn lọ.

Fíláàṣì náà, gbọ́ èyí. Canon 2000D àti 4000D, wọ́n yọ irin àárín kúrò ní ibi tí wọ́n ń ki fíláàṣì bọ̀ lórí wọn. Wò ó dáadáa, wàá rí àwọn irin kéékèèké tó kù, ti àárín ò sí. Fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ irin kan ṣoṣo ló ní nídìí, kò ní tàn lórí wọn láéláé. Àwọn tó ń tà á á ní kámẹ́rà ẹ ló bàjẹ́, wọ́n á tún júwe ẹni tó máa tún un ṣe fún ẹ. Fíláàṣì tí wọ́n ṣe fún Canon, tó ní TTL (òun àti kámẹ́rà á jọ máa pinnu bó ṣe máa tàn tó), ni kó o bèèrè, kó o sì jẹ́ kó tàn lójú ẹ lórí kámẹ́rà tìẹ. 1300D tó ṣáájú wọn ní irin yẹn, tòkunbọ̀ ẹ̀ ò burú.

Tòkunbọ̀ lo máa rà ṣá, pẹ̀lú owó tó o sọ. Kó o tó sanwó: tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn lẹ́ǹsì kó o wò ó látiwájú, tó o bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú ẹ̀, olú ló ti hù síbẹ̀, fi í lẹ̀. Fi f/16 ya ojú ọ̀run tàbí bébà funfun, àmì dúdú tó bá jáde, ìdọ̀tí orí sensor ni. Fọ́tò Nikon máa ń gbé iye ìgbà tí sátà (ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó o bá ń ya fọ́tò) ti ṣí dání, gbé fọ́tò kan lọ sórí kọ̀ǹpútà kó o wò ó. Canon kì í sábà gbé e sínú fọ́tò, torí náà wo rọ́bà ìdìmú àti ọ̀dà ibi fíláàṣì, tí wọ́n bá ti bó tí ẹni tó ń tà á sì ń pè é ní mint, ìyẹn bíi tuntun, máa lọ. Tí wọ́n bá ní kò síná, pé bátìrì ti kú, pé kó o kàn sanwó ná, má sanwó. Bátìrì LP-E10 ni 1300D, 2000D àti 4000D jọ ń lò, yá ti ẹlòmíì dání.

Ní ti eruku, ọyẹ́ Òṣogbo ò dára fún ẹni tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, wọlé kó o tó pààrọ̀ ẹ̀, dojú kámẹ́rà dé'lẹ̀. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹnu fẹ́ sensor tàbí fi áńkáṣíífù nù ún, rọ́bà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni kó o rà. Lásìkò òjò, kó lẹ́ǹsì sínú ike tó ní ìdérí tó fún, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, torí ọ̀rinrin ló ń mú olú wá. Tó o bá sì ń lọ sódò Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, òjò lè dé, abẹ́ igi ibẹ̀ sì ṣókùnkùn ju bó o ṣe rò lọ, 50mm yẹn ni kó o gbé dání, pẹ̀lú ọ̀rá tó o máa fi bo kámẹ́rà.

Tripod lè dúró. Báàgì náà lè dúró, àpò ilé ẹ̀kọ́ àti tówẹ̀lì tó o fi wé e tó.

Canon àbí Nikon tó o bèèrè, méjèèjì ló ń ya fọ́tò dáadáa. Èyí táwọn tó sún mọ́ ẹ bá ń lò ni kó o rà, kó o lè rí lẹ́ǹsì yá. Tó o bá ti rí èyí tó o fẹ́, ya ibi fíláàṣì ẹ̀ àti inú lẹ́ǹsì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, gbé e síbí kó o tó sanwó, màá bá ẹ wò ó.